Níbi Tí Dígí Jíìmù Kò Dé

Ẹni tó bá sọ fún ọ̀dọ́ tó ń gbé irin pé sítẹ́rọ́ìdì kì í ṣiṣẹ́, irọ́ ló pa, ọ̀dọ́ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Ní 1996, Shalender Bhasin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine. Ọkùnrin 43 tí wọ́n ti mọ irin gbé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n pín sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Wọ́n ń gún àwọn kan ní 600 mg testosterone enanthate, ìyẹn họ́mọ̀nù ọkùnrin tí wọ́n ṣe sínú abẹ́rẹ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú gún àwọn yòókù. Àwọn tó gba oògùn tí wọ́n tún gbé irin fi nǹkan bíi 6 kg kún ara, tí kì í ṣe ọ̀rá. Àwọn tó gba oògùn ṣùgbọ́n tí wọn kò fọwọ́ kan irin rí nǹkan bíi 3 kg. Àwọn tó gbé irin láìgba oògùn rí nǹkan bíi 2 kg péré. Ẹ tún un kà: ẹni tó jókòó sílé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ju ẹni tó ń làágùn ní jíìmù lọ.

Ìdí nìyẹn tí ìkìlọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kò wúlò" kì í fi í wọ ẹnikẹ́ni létí. Lójú tèmi, ibi tí wàhálà wà gan-an ni pé ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọn kò rán an. Testosterone kò mọ apá yàtọ̀ sí ọkàn. Bó ṣe ń sọ fún ẹran apá pé kó máa pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún ẹran ọkàn, fún mùdùnmúdùn eegun, fún awọ orí, fún ẹṣẹ́ tó ń mú òróró jáde lábẹ́ awọ ojú. Ìpalára tí à ń wí kì í ṣe májèlé tó fara pamọ́ sínú ìgò. Iṣẹ́ kan náà tí wọ́n torí rẹ̀ rà á ni, ní ibòmíràn nínú ara.

Ká tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dàrú ní Nàìjíríà. Oríṣi oògùn méjì là ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì. Prednisolone, dexamethasone, àti clobetasol tí wọ́n ń pò mọ́ ìpara tó ń bó awọ, ọmọ ìyá cortisol, họ́mọ̀nù mìíràn nínú ara, ni wọ́n. Wọ́n máa ń mú ojú wú, wọ́n sì máa ń jẹ ẹran apá àti itan tán ni. Ẹni tó ń gbé dexamethasone mì kó lè sanra kò sí nínú ọ̀rọ̀ òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wàhálà tirẹ̀ náà kò kéré. Àwọn tí mò ń sọ ni testosterone fúnra rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ṣe jáde láti ara rẹ̀: enanthate, cypionate, Sustanon, nandrolone tí wọ́n ń pè ní Deca, Dianabol, stanozolol, oxandrolone, àti trenbolone tí wọ́n ṣe nítorí màlúù.

Ọ̀nà tó dára jù láti rí ohun tí wọ́n ń ṣe ni ká mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹni tó wà lórí 500 mg lọ́sẹ̀, ká sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ara ọkùnrin tó gbó dáadáa máa ń ṣe testosterone tó tó 3 sí 10 mg lójúmọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò ṣe tó, 75 sí 100 mg lọ́sẹ̀ ni dókítà sábà máa ń fún un. Nítorí náà 500 mg ti jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ohun tí dókítà ń fi ṣe ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ 500 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní jíìmù ń pè ní ìwọ̀n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìlà testosterone kọ́kọ́ ń bẹ níwájú wa. Láàárín 300 sí 1,000 ng/dL ló yẹ kó wà, tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Lórí ìwé yìí, ẹ̀rọ lábù lè má lè kà á mọ́, kí wọ́n kàn kọ ">1500". Ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún gbogbo wọn o. Ẹni tó ń gún nandrolone nìkan, testosterone tirẹ̀ lè lọ sílẹ̀ pátápátá, nítorí oògùn tó ń gún kọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń wá.

Ìlà méjì tó tẹ̀ lé e, LH àti FSH, ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, àwọn sì ni àwọn tó ń lò ó kì í wò. Wọ́n á ti sún mọ́ òfo. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ibì kan wà tó ń jẹ́ hypothalamus, tó ń rán họ́mọ̀nù GnRH sí pituitary, ẹṣẹ́ kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń tú u, ó ń sinmi. Pituitary á wá tú LH àti FSH sínú ẹ̀jẹ̀. LH ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì Leydig inú kórópọ̀n pé kó ṣe testosterone. FSH ló ń bá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́ àtọ̀ dàgbà ṣiṣẹ́. Ọlọ́jà tó bá rí i pé tòmátì ti kún ọjà kì í ná owó lórí ẹrù tuntun, bẹ́ẹ̀ náà ni hypothalamus ń ṣe. Ó rí i pé testosterone ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì mọ̀ pé inú síríǹjì ló ti wá. Ó dákẹ́. Pituitary dákẹ́ tẹ̀ lé e. Kórópọ̀n náà kò gbọ́ àṣẹ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Ohun tó máa ń rú èèyàn lójú nìyí. Báwo ni testosterone ṣe máa kún ẹ̀jẹ̀ dé ìlọ́po márùn-ún, kí àtọ̀ tún wá gbẹ? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé inú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni àtọ̀ ti ń jẹun. Testosterone tó wà nínú kórópọ̀n fúnra rẹ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń lò ó. Kò sí iye abẹ́rẹ́ ìdí tó lè kún ibẹ̀ padà. Bí àwọn ọ̀pá tíntìntín tó ń ṣe àtọ̀ ṣe ń gbẹ, tó sì jẹ́ pé àwọn ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú kórópọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kórópọ̀n náà ń sún kì. Dókítà ní okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan tó fi ń wọ̀n ọ́n, ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ti àgbà ọkùnrin máa ń wà láàárín 15 sí 25 ml. Kò ní dun ọkùnrin náà rárá bó ṣe ń kéré, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè fura.

Àjọ Ìlera Àgbáyé tiẹ̀ ti fi èyí ṣe ìwádìí ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990, ọkùnrin 271 ni wọ́n ń gún ní 200 mg testosterone enanthate lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láàárín oṣù 6, 157 nínú wọn dé ipò tí wọn kò rí ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan nínú àtọ̀ wọn mọ́. 200 mg nìyẹn o, tí àwọn ará jíìmù ń fi rẹ́rìn-ín.

Estradiol ló tún kàn, òun náà á ti ga. Ara ní ènsáìmù kan, aromatase, pàápàá nínú ọ̀rá, tó ń sọ testosterone di họ́mọ̀nù obìnrin. Bí testosterone bá ti pọ̀, estradiol náà á pọ̀, ọmú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àmì àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé orí ọmú á máa yún, aṣọ tó bá kàn án á máa dùn ún. Lẹ́yìn náà, tí èèyàn bá fi ìka méjì tẹ abẹ́ rẹ̀, ó máa ba nǹkan kan tó le, tó rí pẹrẹsẹ. Ọ̀rá kọ́ nìyẹn. Ẹṣẹ́ ọmú ni, sísáré lójú pápá kò sì ní yọ ọ́. Ní oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀, oògùn bíi tamoxifen lè mú un padà sẹ́yìn. Tó bá ti tó bí ọdún kan, tó ti le bí àpá, iṣẹ́ abẹ ló kù. Àwọn kan á sáré lọ ra anastrozole láti pa aromatase lẹ́nu mọ́, wọ́n á lò ó débi tí estradiol máa fi tán pátá, oríkèé á bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, eegun á máa fẹ́lẹ́. Ọkùnrin náà nílò estradiol díẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí testosterone ń gbà yí padà ni pé ó ń di họ́mọ̀nù mìíràn tó ń jẹ́ DHT, òun ló ń fa irorẹ́ ẹ̀yìn àti èjìká, òun ló sì ń tètè pá orí ẹni tó bá ní in nínú ìdílé. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, ó hàn sí gbogbo ayé.

PCV, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, ni kí ẹ bá mi wò dáadáa. Ti ọkùnrin sábà máa ń wà láàárín 40 sí 52%. Testosterone máa ń ti mùdùnmúdùn eegun kó máa ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa láìdúró, ẹ̀jẹ̀ á máa ki. Ìlànà àwọn dókítà họ́mọ̀nù ni pé tó bá ti kọjá 54%, kí wọ́n dá testosterone dúró títí yóò fi wálẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ki máa ń ṣòro fún ọkàn láti tì, ó sì lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, nínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí nínú ọpọlọ, kó di rọpárọsẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó là ń bẹ̀rù. Ẹni tí lábù bá kọ 56% fún lè máa dúpẹ́ pé ara òun dá ṣáṣá, kó tún wá máa mu oògùn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ ní okun lé e lórí. Orí fífọ́, ojú tó pọ́n, àti ìfúnpá tó ń gòkè ni ẹ̀jẹ̀ kíki fi ń kígbe.

Nípa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìyàtọ̀ wà láàárín hóró àti abẹ́rẹ́. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1989, 6 mg stanozolol lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 mú HDL, èyí tó ń gbé cholesterol kúrò lára òpó ẹ̀jẹ̀, wálẹ̀ ní 33%. 200 mg abẹ́rẹ́ testosterone lọ́sẹ̀ mú un wálẹ̀ ní 9%. Ìdí ni pé ẹnu ni hóró ń gbà wọlé, ẹ̀dọ̀ ló sì kọ́kọ́ ń bá pàdé.

Ẹ̀dọ̀ yìí gan-an ló yẹ kó fọ́ testosterone tí wọ́n bá gbé mì sí wẹ́wẹ́ kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Kí ó má baà lè fọ́ ọ, àwọn tó ṣe Dianabol, stanozolol àti oxandrolone so ẹ̀ka kan mọ́ kábọ́ọ̀nù kẹtàdínlógún rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 17-alpha. Oògùn tí ẹ̀dọ̀ kò lè fọ́ ni ẹ̀dọ̀ wá ń bá jìjàkadì. Omi òróòro kò ní rìn dáadáa mọ́, ara á máa yún láìsí èélá, ìtọ̀ á dúdú bíi tíì, ìgbẹ́ á funfun, ẹyinjú á pọ́n rúsúrúsú bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú. Ẹni tó bá rí èyí kó dá hóró náà dúró lọ́jọ́ náà, kó má dúró de òpin sáíkù, ìyẹn iye ọ̀sẹ̀ tó ti pinnu láti lò ó. Nínú àwọn tó ti lò ó pẹ́, àpò ẹ̀jẹ̀ lè yọ nínú ẹ̀dọ̀ tàbí kí kókó hù níbẹ̀, èyí tó lè bẹ́ sínú ikùn lójijì.

Àwọn tó ń ka àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ máa ń ṣi í kà níbí. AST àti ALT, ènsáìmù méjì tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò, kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀ nìkan, wọ́n wà nínú ẹran ara pẹ̀lú. Ẹni tó gbé irin tó wúwo lánàá lè ní AST tó ga láìsí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀dọ̀ rẹ̀. GGT àti bilirubin ló ń sọ òótọ́ nípa ẹ̀dọ̀, CK ló sì ń sọ ti ẹran ara. Kí ẹni náà fi irin sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ gba ẹ̀jẹ̀.

Irú àṣìkà yìí wà nínú kíndìnrín náà. Creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ kíndìnrín, máa ń ga lára ẹni tó ní ẹran púpọ̀, tó ń jẹ ẹran púpọ̀, tó sì ń lo creatine. Cystatin C, tí ẹran ara kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò, pẹ̀lú puroteni inú ìtọ̀. Ìtọ̀ tó ń hó bí ọṣẹ, tí ìfófòó rẹ̀ kò sì tètè lọ, kò yẹ ní fífojú fo. Ní 2010, àwọn oníṣègùn ní New York ṣàlàyé nípa àwọn afẹraga (àwọn tó ń gbé irin kí ara wọn lè tóbi) 10 tí asẹ́ kíndìnrín wọn ti ń di àpá. Nígbà tí wọ́n dá oògùn dúró, ara bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn. Ẹni tó tún padà sídìí rẹ̀, àìsàn náà padà bá a.

Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ ti ọkàn, echo, àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ìró yà, ló ń fi í hàn. Ní 2017, Aaron Baggish àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Circulation, lórí ọkùnrin 140 tó ti pẹ́ nídìí irin. 86 nínú wọn lo sítẹ́rọ́ìdì, 54 kò lò ó. Wọ́n wọn ìdá ẹ̀jẹ̀ tí yàrá òsì ọkàn ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá sọ. Àwọn tí kò lò ó wà ní 63%. Àwọn tó lò ó, lápapọ̀, wà ní 52%. Tí a bá wá ya àwọn tó ṣì wà lórí oògùn sọ́tọ̀, 49% ni tiwọn, àwọn tó ti fi sílẹ̀ sì wà ní 58%. Èyí fi hàn pé agbára àtitì ọkàn lè padà bọ̀ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ẹran ọkàn tó ti nípọn tó sì le kì í tètè rọ̀, ó ń ṣòro fún un láti tú ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè kún inú rẹ̀. Ìdọ̀tí tó dì mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn sì ń pọ̀ sí i bí iye ọdún tí wọ́n fi lò ó ṣe ń pọ̀. Ọkùnrin wọ̀nyí kì í mọ nǹkan kan lára. Wọ́n ṣì ń gbé irin.

Ti obìnrin yàtọ̀, torí pé kò pẹ́ kó tó hàn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́. Jámánì Ìlà-Oòrùn ló fi èyí hàn wá tó burú jù. Láti 1974, ètò ìjọba ni, orúkọ tí wọ́n fún un lórí ìwé ni State Plan 14.25: wọ́n ń fún àwọn eléré ìdárayá ní Oral-Turinabol, hóró tí Jenapharm ń ṣe nílùú Jena, títí kan àwọn ọmọbìnrin tí wọn ò tíì pé ọdún 18. Wọ́n sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn pé fítámì ni. Nǹkan oṣù dúró, irun hù lójú, ohùn wọn ki bíi ti ọkùnrin. Ohùn yẹn kì í padà, nítorí okùn ohùn nínú ọ̀fun ti nípọn, dídá oògùn dúró kò sì lè mú un fẹ́lẹ́. Brigitte Berendonk àti Werner Franke ló tú ìwé àṣírí náà síta lẹ́yìn tí Ògiri Berlin wó, nígbà tó sì di 2000, ilé ẹjọ́ ní Berlin dá Manfred Ewald, olórí eré ìdárayá níbẹ̀, àti dókítà Manfred Höppner lẹ́bi.

Fún ọmọ ọdún 15 tàbí 16, estradiol tí aromatase ń ṣe ló tún jẹ̀bi: ó máa ń ti ojú ibi tí eegun ti ń gùn pa kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ọmọ náà á fẹ̀, kò sì ní ga mọ́.

Ìgbà tí wọ́n bá dá a dúró wá ńkọ́? Enanthate máa ń dín kù sí ìdajì láàárín bí ọjọ́ 4 sí 5, nítorí náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kù díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ hypothalamus kò tíì jí. Ti ìta ti tán, ti ilé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń padà sẹ́yìn nìyí: àárẹ̀, nǹkan ọkùnrin tí kò dìde, oorun tí kò wá, ìrẹ̀wẹ̀sì tó lè mú èèyàn ro ikú, apá tó ń rọ lójú dígí. Abẹ́rẹ́ kan péré ló máa ń mú gbogbo rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ náà ló tún ń fi ìdákẹ́jẹ́ kún ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ń ro ikú nínú àkókò yìí nílò dókítà lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ìmọ̀ràn jíìmù.

Wọ́n máa ń sọ nípa hCG àti clomiphene, oògùn méjì tí wọ́n fi ń gbìyànjú láti jí kórópọ̀n padà, bí ẹni pé wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà. hCG ń ṣe bíi LH, ó ń jí kórópọ̀n tààrà, ṣùgbọ́n testosterone tó bá ti ibẹ̀ wá yóò tún pa ọpọlọ lẹ́nu mọ́. Clomiphene ló ń dí estradiol lọ́wọ́ ní ọpọlọ, kí ọpọlọ lè rò pé ọjà ti tán. Ẹni tó bá pò wọ́n láìsí àyẹ̀wò kò ní mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. LH, FSH àti testosterone ni kí wọ́n máa tún yẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Àtọ̀ gba bí ọjọ́ 74 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà kò sí oògùn tí àbájáde rẹ̀ lè hàn nínú àtọ̀ lọ́sẹ̀ méjì.

Ìrètí wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àbájáde àwọn ọkùnrin tó lo họ́mọ̀nù fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí jọ ní 2006, 67% ló padà sí mílíọ̀nù 20 sẹ́ẹ̀lì nínú 1 ml láàárín oṣù 6, 90% láàárín ọdún kan, gbogbo wọn láàárín ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n oògùn tiwọn kéré, wọn kò sì fi ọdún mẹ́wàá lò ó. Ní Denmark, nínú àwọn afẹraga tó ti dá tiwọn dúró fún nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀, ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́rin tí testosterone rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Kí ẹni tó bá lọ rí dókítà má fi pamọ́. LH tó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú testosterone tó lọ sílẹ̀, láìsí ìtàn kankan, yóò mú kí dókítà máa wá kókó nínú pituitary. Á ní kó lọ ya MRI orí, owó ńlá nìyẹn. Fọ́tò ìgò náà, iye mg, iye ìgbà lọ́sẹ̀, àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, ìyẹn ti tó. Kódà tí orúkọ ara ìgò kì í bá ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀, ó ṣì ń tọ́ dókítà sọ́nà.

Èyí kàn wá gan-an nílé tí wọ́n ti ń retí ọmọ. Ìyàwó ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú káàkiri, wọ́n á ya ilé ọmọ rẹ̀ ní X-ray, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà àti sí orí òkè, nígbà tí ọkọ tó ní apá bí igi ìrókò kò tíì fi àtọ̀ rẹ̀ fún lábù rí. Àyẹ̀wò tirẹ̀ ló dínwó jù, òun ló sì yá jù: kí ó má ṣe súnmọ́ ìyàwó fún ọjọ́ méjì sí méje, kí ó gba àtọ̀ náà sínú ike mímọ́ tí lábù bá fún un, láìlo kọ́ńdọ̀mù tàbí òróró, kí ó fi í sí ìtòsí ara kó má baà tutù, kí ó sì gbé e dé ibẹ̀ kí wákàtí kan tó pé.